Íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín kò ṣiṣẹ́? Ẹ yẹ nǹkan mẹ́fà yìí wò kí ẹ tó ra dátà míì

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú nínú ilé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni ká bú ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà. Ohun kejì ni ká ra dátà míì lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó yẹn á kàn ṣòfò ni, nítorí pé inú ilé gan-an ni wàhálà wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà nílé wa tó ń lo Windows 7. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ìkànnì tí mo bá ṣí lórí ẹ̀ ló ń sọ pé kò sí ààbò. Mo ra dátà, kò yí padà. Mo lọ ra router tuntun, pàbó ló já sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ló wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ní: "Ùńkù, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbí."

Ọdún 2009 ni kọ̀ǹpútà náà rò pé a wà! Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀, tó rí bí owó ẹyọ, tó máa ń bá a ṣọ́ ọjọ́ àti aago bí iná bá lọ. Bátìrì yẹn ló kú. Owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó router tí mo rà. Bẹ́ẹ̀, fóònù mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Wi-Fi kan náà ní gbogbo àkókò yẹn. Ká ní mo ronú sí ìyẹn ni, ǹ bá má náwó.

Ohun tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kọ́ wa

Àwọn tó lo Windows 95, tó jáde lọ́jọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 1995, àti Windows 98 tó tẹ̀lé e, á rántí ariwo modem tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù lọ. Èyí tó yá jù nínú wọn kò ju kilobit 56 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orin kan tó tó megabyte mẹ́rin á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn bí wáyà ò bá tíì já. Ní tiwa níbí, sáíbà káfẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ íntánẹ́ẹ̀tì. A máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, àwọn míì á sì wà níbẹ̀ mọ́jú torí pé owó òru dínkù.

Bí ẹ̀rọ kan bá kọ iṣẹ́ ní káfẹ́, ẹni tó ń bójú tó o kì í sáré pe ilé iṣẹ́. Á wo wáyà, á tẹ winipcfg sórí Windows 98, á sì wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà gbà. Nígbà tí Windows XP dé lóṣù Kẹwàá, ọdún 2001, àwòrán kọ̀ǹpútà kéékèèké méjì tó wà nísàlẹ̀ máa ń ní àmì pupa bí wáyà bá yọ. Ọ̀dọ̀ ara ẹni ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wo ìta. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìlànà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ẹ tẹ̀lé e báyìí

1. Ẹ fi ẹ̀rọ míì dán an wò. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi kan náà, ara kọ̀ǹpútà ni àìsàn wà. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹ lọ sídìí router.

2. Ẹ yọ router nínú iná. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset o! Ìyẹn á pa gbogbo ètò inú ẹ̀ rẹ́, títí kan password.

3. Ẹ wo dátà tó kù. Bó bá jẹ́ pé síìmù ló wà nínú router, tó sì ṣeé yọ, ẹ fi í sínú fóònù, kẹ́ ẹ tẹ \*323#. Nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ dátà ló ti pé, kì í ṣe pé ó tán.

4. Ẹ wo ibi tí router wà. Ẹ̀yìn fíríìjì àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tó dáa. Router oní-síìmù fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí orúkọ Wi-Fi bá jẹ́ méjì, 5 GHz ló máa ń yá jù, àmọ́ 2.4 GHz ló máa ń la ògiri kọjá dáadáa.

5. Ẹ wo nọ́ńbà àti ọjọ́. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ tẹ ipconfig. Bí nọ́ńbà IPv4 bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, router ò dá kọ̀ǹpútà yín lóhùn, ló bá fún ara ẹ̀ ní nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá dáa, ẹ tẹ ping 8.8.8.8. Bí èsì bá ń wá, àmọ́ tí ìkànnì ò ṣí, ẹ wo ọjọ́ àti ọdún. Ìwé ẹ̀rí ààbò gbogbo ìkànnì ló ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ ẹ̀ ò tọ̀nà á ka ojúlówó sí ayédèrú.

6. Ẹ bi aládùúgbò. Bí tiwọn náà bá kú, ìta ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, ó sì kan Nàìjíríà. Kò sí router tí èèyàn lè rà tó máa tún ìyẹn ṣe. Ẹ pe 300 láti bá ilé iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn ò bá dáhùn, 622 ni nọ́ńbà àjọ NCC.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà ńkọ́?

Windows XP ò gba àtúnṣe mọ́ láti oṣù Kẹrin, ọdún 2014, Windows 7 láti oṣù Kìíní, ọdún 2020, Windows 10 náà sì ti dé òpin àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ẹ lè fi wọ́n gbọ́ orin, ẹ lè fi wọ́n tẹ̀wé, àmọ́ ẹ má fi XP tàbí Windows 7 wọ báńkì yín. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì lágbára díẹ̀, Linux Mint wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín pa mọ́ síbòmíì kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ní tèmi, router tuntun yẹn ṣì wà nínú páálí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tiyín bẹ́ẹ̀.