Orin Yorùbá Lẹ́nu Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà

Adúláwọ̀ ni a ń pe ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n kó ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fi èdè wọn lé ọmọ lọ́wọ́. Orin wà lára ohun tí àwọn ọmọ wọn fi wá ìtàn ara wọn rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ní Cypress àti káàkiri Houston, ìtàn yìí kàn yín.

Babátúndé Ọlátúnjí

Wọ́n bí Ọlátúnjí ní 1927 ní Àjídò, ìlú apẹja kan lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ní 1950, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Morehouse College ní Atlanta, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adúláwọ̀. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí fíìmù Tarzan fi hàn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ nípa Áfíríkà. Ó wá ń fi ìlù, orin àti ijó ilé dá wọn lóhùn.

Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Ọlátúnjí a lé orin, àwọn elégbè a sì gbè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn elégbè náà ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Wọn kò gbọ́ Yorùbá nílé wọn. Ẹnu Ọlátúnjí ni wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ orin náà.

Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Texas Southern University ní Houston lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún aláwọ̀ funfun nìkan, láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Fún adúláwọ̀ irú àkókò bẹ́ẹ̀, orin tó ń pe Ṣàngó lórúkọ fi hàn pé ìtàn òun ti wà kí oko ẹrú tó wà.

Orúkọ àwọn orin náà

Kò sí àmì ohùn lára orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára àwo náà. Báyìí ni a ṣe ń kọ wọ́n:

Odun De: Ọdún dé. Ọdún tuntun ti wọlé.
Shango: Ṣàngó. Òrìṣà àrá, tó ti jọba rí ní Ọ̀yọ́.
Kiyakiya: Kíákíá. Láìfi àkókò ṣòfò.
Oya: Ọya. Òrìṣà ìjì, ìyàwó Ṣàngó.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá pè é ní ó yá, ẹ ń sọ pé àkókò ti tó nìyẹn. Bí ẹ bá pè é ní ọ̀yà, ẹran ìgbẹ́ lẹ dárúkọ.

Láti Harlem dé Houston

Ní 1967, John Coltrane fọn fèrè ní ilé àṣà Áfíríkà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem. Ní 1969, ẹgbẹ́ Santana tún ọ̀kan nínú orin àwo náà kọ. Ní 19 oṣù kẹfà ọdún 2020, Beyoncé, ọmọ bíbí Houston, gbé orin Black Parade jáde, ó sì dárúkọ Yorùbá àti Ọ̀ṣun nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń rántí bí ìròyìn òmìnira ṣe dé Galveston ní 1865.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn elégbè Ọlátúnjí kò ní òbí tí wọ́n lè bi ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní. Ẹ gbọ́ Odun De, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì bi ìyá tàbí bàbá yín bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n kọ orin ọdún kan tí wọ́n mọ̀ láti kékeré, kí ẹ sì máa gbè é.