Láti Inú Kúlà Dé Abẹ́ Ilẹ̀

Ẹni tó bá jápa dé Kánádà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sùn sí. Kì í ṣe èpè o! Béésímẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ kì í sábà gani lára. Tó bá wá jẹ́ ilé àtijọ́, á máa rùn bí aṣọ tó bu, ògiri rẹ̀ á máa làágùn.

Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀? Òtútù ni. Nígbà ọ̀gìnnìtìn, omi inú ilẹ̀ á di yìnyín, ilẹ̀ á wú, á sì ti ìpìlẹ̀ tí kò jìn sókè. Wọ́n á wá gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí òtútù lè dé. Nígbà tí ihò ti wà, wọ́n kúkú sọ ọ́ di yàrá.

Ṣùgbọ́n kọnkéré ń fa omi bí òwú àtùpà, òtútù sì ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin, tó bá fara kan ògiri tútù, omi ló ń dà, bí ara ìgò ohun mímu tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì.

Ní 1966, Werner Gregori, kọngílá kan ní Kánádà, kọ̀wé béèrè fún páténtì. Ìtàn tí àwọn ará iṣẹ́ náà máa ń sọ ni pé kúlà fóòmù ló là á lójú. Bí kúlà bá lè dènà ooru kó má wọlé, ṣé kò lè ká a mọ́lé ni? (Àwọn ará Switzerland ti ń po èérún igi mọ́ sìmẹ́ńtì ṣe irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àmọ́ fóòmù ni tiẹ̀.) Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ga ní ínǹṣì 16, ó gùn ní ínǹṣì 48, inú rẹ̀ ṣófo, etí ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Wọ́n á tò ó, wọ́n á ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n á da kọnkéré sí i. Káfíńtà ò ní padà wá tú pákó kankan; fóòmù ti jókòó síbẹ̀ nìyẹn.

Owó epo fò sókè ní 1973, owó kan náà tó sọ Nàìjíríà di olówó òjijì. Òyìnbó wá ń ka iye ooru tó ń jò gba ara ògiri.

Àwọn tó ń tà á máa ń ní fóòmù ló ń mú kí yàrá gbẹ. Èmi ò gbà tán. Òógùn ògiri ló ń dá dúró. Omi òjò tó ń ti ìta bọ̀ ńkọ́? Ìyẹn ń fẹ́ ọ̀rá lẹ́yìn ògiri, òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù oníhò nísàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn dàgbà ju fóòmù lọ: Henry French, adájọ́ ará Amẹ́ríkà kan, ti kọ̀wé lórí fífa omi kúrò nínú ilẹ̀ ní 1859. Òun ló ni orúkọ “French drain”, kì í ṣe ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn kan ti máa ń ṣọ́wó ná, torí yẹ̀pẹ̀ ti bo páìpù yẹn kí ayálégbé tó dé.