Ìtàn Ìgbì Ìwúwo nínú Òfuurufú Oòrùn

Gbogbo ẹni tí ó bá ti yáná rí ni ó mọ̀ pé bí a bá ti ń jìnnà sí iná ni ooru rẹ̀ ń dín kù. Ti Oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ tí à ń rí gbóná tó nǹkan bí 5,500 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n òfuurufú rẹ̀ tí ó ga jù lọ gbóná ju 1,000,000 lọ. Láti ìgbà tí Grotrian ní Jámánì àti Edlén ní Sweden ti ṣe ìwádìí èyí láàrin 1939 sí 1943 ni àwọn onímọ̀ ti ń béèrè pé: kí ni ó ń ru ooru gòkè?

Biermann ní 1946 àti Schwarzschild ní 1948 dáhùn pé ìgbì ohùn ni. Ní 1963, Whitaker dárúkọ alárù mìíràn, èyíinì ni ìgbì ìwúwo. Ojú Oòrùn ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Ìhó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Bí ó bá ru sókè, a máa kọ lu ìpele tí ó pa rọ́rọ́ lókè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá tì gòkè níbẹ̀ wúwo ju èyí tí ó yí i ká lọ. Ìwúwo náà a sì fà á wálẹ̀ kọjá ààyè rẹ̀, a tún léfòó padà, bí ọkọ̀ ti ń ṣe lórí ọ̀sà. Kì í ṣe òun ni ìgbì tí ihò dúdú méjì rán dé ọ̀dọ̀ wa ní 2015.

Rírí i ni ó nira. Láti 1960 ni Leighton ti rí i ní Mount Wilson pé ojú Oòrùn ń mì tìtì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìmìtìtì yìí sì bo ìgbì tí ó lọ́ra mọ́lẹ̀.

Ní 2008, Straus, Fleck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo awò awọ̀nàjíjìn tí ó wà ní Sacramento Peak, ní New Mexico, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú SOHO. Àwọn ìlà inú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò ti ìpele kan náà wá. Bí ìlà kan bá yẹ̀ díẹ̀, a ó mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ìpele rẹ̀ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ìgbì ohùn bá ń gòkè, ìpele ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ mì. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ti òkè ni ó ṣáájú: ìrísí ìgbì ń sọ̀ kalẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń gòkè. Àmì ìgbì ìwúwo gan-an nìyí.

Agbára náà tó nǹkan bí 5,000 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóròó ní ìsàlẹ̀ ìpele tí à ń pè ní chromosphere, ó sì súnmọ́ iye tí gbogbo ìpele náà ń tàn dànù. Síbẹ̀, níbi tí agbára òòfà bá ti le, ìgbì náà kì í lágbára. Nítorí náà, a ti mọ alárù kan fún ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó gbé ooru dé òkè téńté ṣì ń fa àríyànjiyàn.