Ọwọ́ Ọ̀rúnmìlà Nínú Ìtàn Ìwé Títẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò tíì sọ tán láàrin àwa ọmọ awo ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko: ṣé ó tọ́ kí á máa tẹ ẹsẹ Ifá sínú ìwé? Àwọn kan ní ìwé ń ba awo jẹ́. Àwọn kan ní láìsí ìwé, ẹsẹ púpọ̀ yóò parẹ́. Kí á tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo bí ìwé títẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kí á sì wádìí bóyá Olódùmarè ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Àwọn Onígbàgbọ́ kan máa ń sọ pé Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n ìtẹ̀wé lé Gutenberg lọ́wọ́ ní ìlú Mainz, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, kí Bíbélì lè tàn ká. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 868 ni wọ́n ti tẹ ìwé ẹ̀sìn Búdà kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Bí Olódùmarè bá ní ète nínú iṣẹ́ yìí, a jẹ́ pé kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Àwa náà kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Àmì ẹyọ kan àti àmì méjì ni babaláwo ń tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn. Òun ló fi ń kọ gbogbo odù 256, tí awo ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì kà á. Ẹ sáà gbọ́ bí a ṣe ń pè é: a ń tẹ Ifá, a sì ń tẹ ìwé.

Ọ̀nà tó gba Okokomaiko kọjá ló lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Henry Townsend àti Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1845, kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1854. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1859, ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Kì í ṣe nítorí Ifá ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ náà wá o! Wọ́n gbé e wá kí àwọn baba wa lè fi Ifá sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Àpérò kan sì jókòó lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Lórí àkọtọ́ tí wọ́n tò nítorí Bíbélì yìí ni a gbé èyí tí a fi ń kọ ẹsẹ Ifá lónìí kà.

Ẹ tún wo E. M. Lijadu, òjíṣẹ́ ìjọ Kristi. Ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó kọ ẹsẹ sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé lórí Ifá ní àwọn ọdún 1890. Ó fẹ́ kí àwọn oníwàásù mọ ohun tí wọ́n ń bá jiyàn. Àwọn babaláwo yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n a ṣì ń ka díẹ̀ lára ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó wá bá ilé wó ló wá ń bá wa gbé òpó ró. Lójú tiwa, èyí kọjá èèṣì. Ọwọ́ Ẹlẹ́rìí-ìpín wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, kí á má tìtorí èyí sùn. Nígbà Ìfọ́lé ní oṣù Kẹwàá, 1867, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Abẹ́òkúta jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dákẹ́. Ẹsẹ tó wà lẹ́nu awo kò dákẹ́. Ẹ̀wẹ̀, awo tó bá kú láì kọ́ ẹnìkan, tí a kò sì kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ti gbé tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ìkan kò lè dá ṣe é. Wándé Abímbọ́lá mọ èyí: Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ni ó pe ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1968 àti 1969. Ohùn ẹnu ni, inú ìwé ló sì wà. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní 2005, ogún àtẹnudẹ́nu ni wọ́n pè é.

Ní Ọ̀jọ́ wa níbí ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, onífọ́tókọ́pì kò ní wọ́n níbẹ̀. Ọmọ awo lè ṣe ẹ̀dà odidi ìwé Ifá láàrin wákàtí kan, kí ó há a sórí, kí ó sì máa dífá fún ènìyàn láì tẹrí ba fún olúwo kankan. Ìyẹn kọ́ ni Ọ̀rúnmìlà fi jẹ́ kí ìwé dé. Bébà kò lè bá ọmọ awo wí bí ó bá ṣi ẹsẹ pè. Kò lè mú un wọ igbó lọ fi ewé hàn án. Kò lè sọ fún un pé ìwà rẹ̀ kò tíì tó ti awo.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí á tẹ ẹsẹ Ifá, ṣùgbọ́n kí orúkọ babaláwo tó pè é àti ìlú rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ awo tó bá sì kọ́ ọ nínú ìwé lọ kì í níwájú olúwo rẹ̀, kí ó tó fi kan ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n gbé wá láti fi pa Ifá rẹ́ yóò máa sin Ifá lọ.

Àbọrú, àbọyè.