Òfin àti Làákàyè Lórí Pápá Àwọn Èwe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mú fèrè dání rí níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé méjì ti ń díje yóò jẹ́rìí pé òwe yìí rọrùn láti pa ju láti lò lọ. Ọmọdé lè wọ pápá pẹ̀lú ohun kan tí ìwé òfin kò mẹ́nu kàn rárá. Ṣé kí rẹfirí gbà á láàyè ni, àbí kí ó lé e jáde? Ìbéèrè tí a gbé wá síwájú yín lálẹ́ yìí nìyẹn, ìtàn ọmọbìnrin kan ní ilẹ̀ Kánádà ni a ó sì fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a tó dé Kánádà, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí agbára rẹfirí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1863 láti kọ òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, òfin 13 ni wọ́n kọ, kò sì sí ẹyọ kan tí ó dárúkọ rẹfirí. Wọ́n gbà pé ọmọlúwàbí ni gbogbo ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù, àti pé àwọn fúnra wọn ni yóò parí aáwọ̀ wọn. Nígbà tí ìdíje le sí i, ìhà kọ̀ọ̀kan yan onídàájọ́ tirẹ̀. Bí ohùn àwọn méjèèjì kò bá ṣọ̀kan, wọn a kó ẹjọ́ lọ bá rẹfirí lẹ́yìn ìlà. Ọdún 1891 ni IFAB, ìgbìmọ̀ aṣòfin bọ́ọ̀lù tí a dá sílẹ̀ ní 1886, mú un wọ inú pápá gan-an. Láti ìgbà náà ni ìwé òfin ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ fún òye rẹ̀. Nítorí náà, làákàyè kì í ṣe àlejò lórí pápá; òfin ni ó mú un wọlé.

Ní oṣù kejì ọdún 2007, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké kan láti Ottawa lọ díje ní ìlú Laval, ní ìpínlẹ̀ Quebec. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 11 tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ ìborí híjáàbù. Rẹfirí ní kí ó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó jáde. Ọmọ náà kò ṣí i. Olùkọ́ni rẹ̀ kó gbogbo ẹgbẹ́ náà kúrò lórí pápá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti Ottawa sì bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, wọn a máa gba irú ìborí bẹ́ẹ̀ láàyè. Orílẹ̀-èdè kan, ìwé òfin kan, ìdájọ́ méjì!

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti rẹfirí náà. Òfin kẹrin ka ohun tí agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wọ̀: ẹ̀wù, ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀, ohun tí a fi ń dáàbò bo ojúgun, àti bàtà. Ó tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ohun tí ó lè ṣe òun tàbí ẹlòmíràn ní jàǹbá. Nígbà náà, kò dárúkọ ìborí. Àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù ní Quebec gbè sẹ́yìn rẹfirí. Wọ́n ní ìborí lè fún ọmọ lọ́rùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí aṣọ bá fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, ta ni yóò dáhùn? Bí rẹfirí kọ̀ọ̀kan bá sì ń ṣe bí ó ti tọ́ lójú ara rẹ̀, ọmọ tí a gbà láàyè lónìí ni a ó lé lọ́la, irú èyí kò sì ṣeé pè ní òfin mọ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tún òfin náà kà. Ewu ni ó kà léèwọ̀, kò ka aṣọ léèwọ̀. Iṣẹ́ tí ó gbé lé rẹfirí lọ́wọ́ ni pé kí ó wo ohun tí ọmọ wọ̀ fínnífínní: ṣé etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níta? Ṣé abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀? Ṣé a lè ki í bọ inú ẹ̀wù? Ẹni tí ó bi irú ìbéèrè wọ̀nyí kò rú òfin. Òfin gan-an ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ó ní “a kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà èèwọ̀ ni,” òun ni ó fi tirẹ̀ kún òfin.

Kí ni àwọn àgbà òfin wá ṣe? Nígbà tí IFAB jókòó ní oṣù kẹta ọdún 2007 kan náà, wọ́n ní òfin kẹrin tó bí ó ti wà. Ní 2010, FIFA kọ́kọ́ fẹ́ dí àwọn ọmọbìnrin Ìráànì lọ́nà ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Singapore, kí wọ́n tó gbà pé kí wọ́n dé fìlà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, àwọn obìnrin Ìráànì pàdánù ìdíje wọn pẹ̀lú Jọ́dánì ní Amman nítorí ìborí, láìgbá bọ́ọ̀lù rárá. Ní 2012 ni IFAB ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí a dán an wò. Láàárín ìdánwò yìí, ní 2013, àwọn alákòóso Quebec tún ní àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn Sikh kò gbọdọ̀ wé láwàní gbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé òfin kò sọ pé kí wọ́n wé e. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Kánádà dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, FIFA sì dá sí i, kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, IFAB fàṣẹ sí ìborí pátápátá: kí ó jẹ́ àwọ̀ ẹ̀wù tàbí dúdú, kí a má so ó mọ́ ẹ̀wù, kí ó má sì ní ewu.

Ọdún méje gbáko! Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọmọ ọdún 11 ti di ọmọge. Ohun tí ìgbìmọ̀ fi ọdún méje wá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìbá gba ẹni tí ó fara balẹ̀ wo aṣọ ọmọ náà lẹ́bàá ìlà. Ní 2016, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin karùn-ún pé kí rẹfirí máa dájọ́ ní ìbámu pẹ̀lú òfin àti ẹ̀mí eré náà. Ní 2023, Nouhaila Benzina ti Mòrókò wọ ìborí gbá bọ́ọ̀lù nínú Ìdíje Ife Àgbáyé àwọn obìnrin, eré sì ń lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni rẹfirí ọ̀la àwọn ọmọ wa. Níbi tí òfin ti sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe ojúsàájú: ìtàpá burúkú, ìwà jàgídíjàgan àti irọ́ ọjọ́ orí kò ní àwáwí, ìbáà jẹ́ ọmọ ta ni. Níbi tí òfin bá dákẹ́, ẹ béèrè ewu tí ó fẹ́ dènà kí ẹ tó fọn fèrè. Ìwé òfin pàápàá gbà kí a dín pápá, bọ́ọ̀lù àti àkókò kù fún àwọn èwe. Ó mọ̀ pé ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó kù sọ́wọ́ yín kí ẹ bá wa jíròrò rẹ̀.