Ọwọ́ Tí A Kò Fọ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí, a bọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, a gbé ọmọ tuntun, a gbàdúrà fún un. Ìgbà tá a délé la rántí pé a ò fọwọ́. Ìtàn kan ló sọ sí wa lọ́kàn.

Ní 1846, dókítà ọmọ ilẹ̀ Hungary kan, Ignaz Semmelweis, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀: àwọn dókítà àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà ní àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí wà ní èkejì. Nínú ìyálọ́mọ 100, bíi 10 ló ń kú lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, wọn ò tó 4. Àwọn aboyún a máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí àkọ́kọ́.

Kí ló fà á? Wọ́n rò ó pé bóyá agogo àlùfáà tó ń gba wọ́ọ̀dù náà lọ bá ẹni tó ń kú lọ ló ń já wọn láyà. Àlùfáà gba ọ̀nà míì, kò lu agogo mọ́. Ikú ò dáwọ́ dúró.

Ní 1847, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la òkú gé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, lọ́wọ́. Irú àìsàn tó ń pa àwọn ìyálọ́mọ ló pa á. Ojú Semmelweis là: àwọn dókítà ń la òkú tán, wọ́n ń lọ gbẹ̀bí! Ó ní kí wọ́n máa fi omi kiloríìnì fọwọ́. Ní oṣù kẹrin, nǹkan bíi 18 ló kú nínú 100. Ní oṣù kẹfà, bíi 2.

Kòkòrò tín-ín-tín tí à ń pè ní bakitéríà ló wà lọ́wọ́ wọn. Semmelweis fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. 1879 ni Louis Pasteur tó fi èyí tó ń fa ibà náà han ayé. Inú bí ọ̀pọ̀ dókítà: ṣé àwọn ni apààyàn ni? Wọn ò gbà á gbọ́. Egbò tó kẹ̀ ló pa á ní 1865, nílé àwọn tí orí wọn dàrú.

Kì í ṣe gbogbo bakitéríà ló burú o. Àwọn ló ń mú ògì kan, àwọn ló ń sọ irú di irú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìfun wa. Àmọ́ èyí tí kò ṣe àgbà ní nǹkan lè pa ìkókó.

Ẹ̀yin ará, agogo àlùfáà ò jẹ̀bi, àdúrà ò jẹ̀bi. Ọwọ́ ló jẹ̀bi. Àdúrà ò sì ní ká má fọwọ́. Látòní lọ, kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkómọ. Àwa pásítọ̀ la ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Tá a bá gbàgbé, ẹ má wojú wa, ẹ rán wa létí.