Ètò MD-PhD

Ètò MD-PhD jẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gíga nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba oyè ìṣègùn òyìnbó àti oyè ọ̀mọ̀wé pọ̀, kí ó lè máa tọ́jú aláìsàn kí ó sì máa ṣe ìwádìí. Western Reserve University ní ìlú Cleveland, Amẹ́ríkà, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1956. Láti 1964 sì ni àjọ ìjọba National Institutes of Health ti ń náwó lé irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn, akẹ́kọ̀ọ́ a wọ yàrá ìwádìí fún bí ọdún mẹ́rin, kí ó tó padà sí ilé ìwòsàn. Ìpadàbọ̀ yìí kì í rọrùn: àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti di dókítà. Ferid Murad àti Alfred Gilman, tí wọ́n gba oyè méjèèjì ní Cleveland, wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Ìṣègùn, Gilman ní 1994, Murad ní 1998.